Àyà ìbọn: kí ni Ìdòwú rà gan-an?

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Nyanya lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi kìlọ̀ fún Ìdòwú o. Ó ní òun ra ìbọn. Mo ní kó fi hàn mí lórí fóònù. Irin ló fi hàn mí! Irin tí kò gùn tó ọmọ orógùn. Kò ní ọ̀pá, kò ní ìdí, kò sí ibi téèyàn máa fọwọ́ fà. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là àti igba ló ní òun san. Ṣé wọn ò tíì lu ọmọ mi ní jìbìtì báyìí?"

Wọn ò lù ú ní jìbìtì. Texas ni Ìdòwú ń gbé, tí òtútù bá sì ti ń wọlé bọ̀ lọ́hùn-ún, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa lọ dẹ àgbọ̀nrín nínú igbó tí wọ́n gbàṣẹ lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ra odindi ìbọn. Wọ́n ń ra á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, wọ́n á wá gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn láti tò ó pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ra aṣọ ní ọjà Wúsè tó gbé e fún télọ̀, dípò kó ra èyí tí wọ́n ti rán kọ́. Irin tí àbúrò mi rí yẹn ni wọ́n ń pè ní action. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, òun ló ń wọ́n jù, òun náà ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ilé iṣẹ́ Remington kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ Winchester, bí àwọn ará Kúbwà ṣe ń jà lórí Arsenal àti Chelsea.

Èmi jẹ́ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin. Ọdún 22 ni mo fi dúró nídìí léètì ní Kakuri, ní Kàdúná, kí n tó kó ẹrù wá sí Kúbwà. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ irin nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n ń bi, títí kan kọ́kọ́rọ́ tó há. Torí náà, ó di dandan kí n ṣàlàyé fún ìyá Ìdòwú, bí mo sì ṣe ṣàlàyé fún un ni mo ń kọ yìí.

Kí n tó lọ jìnnà, Texas ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ o. Níbí, òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò fàyè gba kí èèyàn jókòó sílé kó máa to ìbọn pọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, DICON, wà ní Kàdúná láti ọdún 1964, ìjọba ló sì ni ín. Ẹ má ka ohun tí mo kọ kí ẹ sì lọ bá ẹnikẹ́ni nídìí léètì.

Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà kò nílò orúkọ fún irin yìí, torí ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀pá náà sì dí pátápátá. Ìbọn tí à ń sọ yìí, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fi ọta sí i. Ohun tó bá ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa tì í kí ó tó dún. Nǹkan tó ń ṣí i, tó ń tì í, tó ń gbé ọta wọlé, tó sì ń yọ ìkarahun rẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ papọ̀ ni action. Àyà ìbọn ni èmi ń pè é.

Ẹ rántí ìdábùú ilẹ̀kùn, ọ̀pá irin tí a máa ń tì síwájú kí á tó yí etí rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa yọ. Bí àyà ìbọn irú èyí tí Ìdòwú rà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ilé irin kan wà, yíyípo, ó ṣófo nínú. Ọ̀pá irin kan ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ọwọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tì í síwájú, ó gbé ọta kan wọ inú ọ̀pá ìbọn. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, etí irin méjì tó wà níwájú ìdábùú náà yóò yí wọ inú ihò wọn, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Àwọn etí méjì yẹn ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà, ó lè fún yín ní 32 lórí géèjì rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí táyà náà ṣe ń dún tó bá yọ ẹnu páìpù. Ọta .308 tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe ààlà fún agbára tó ń ru sókè nínú rẹ̀ jẹ́ 62,000, lórí irú géèjì kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá kò tíì pé tó fi wá tó fi lọ, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń yin ìbọn kò jìnnà ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí i. Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó dákẹ́, ó wá ní, "Kó má rà èyí tí kò dáa o." Ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, kò fẹ́ kó ra nǹkan kan rárá.

Lára àyà yìí ni gbogbo nǹkan tó kù ń so mọ́. Ọ̀pá ń dè mọ́ ọn níwájú, tírígà ń so kọ́ lábẹ́ rẹ̀, ìdí igi ń gbé e mọ́ra, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn ń jókòó lé e lórí. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá, ilé irin àyà yìí ló kà sí ìbọn. Òun ni wọ́n ń fín nọ́ńbà sí lára, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni èèyàn sì ti ń gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Ọ̀pá àti ìdí igi lè wá nínú páálí bíi bàtà. Nítorí náà, nígbà tí Ìdòwú sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ra ìbọn, kò purọ́. Ìbọn ni, lójú òfin. Kò kàn tíì lè pa eṣinṣin ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ẹni tó bá gbé ní Kàdúná nígbà tí èmi gbé ibẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn orúkọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kakuri. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, 504 ló ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí gbogbo ayé ti ń ra Toyota, tí páàtì 504 ti ń di ohun tí èèyàn ń wá kiri bí ẹni ń wá ewé, mo bi í pé kí ló dé tí kò pààrọ̀. Ó ní, "Òun ni mo fi gbé ìyàwó mi wálé." Mo dákẹ́. Ìdáhùn tó fún mi dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe ìdáhùn nípa ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbọn. Ẹ gbọ́ ìtàn Winchester Model 70. Ọdún 1936 ló jáde, àwọn ọdẹ sì gbà á bí ọba. Ohun kan tí wọ́n fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni irin pẹrẹsẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdábùú rẹ̀, tó rí bí èékánná. Bí ọta bá ṣe ń gòkè láti inú àpótí ọta ni èékánná yìí ti gbá etí rẹ̀ mú, kò sì ní jù ú sílẹ̀ títí ìkarahun yóò fi jáde. Ìwọ̀nba ni ti Winchester nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ará Jámánì kan, Paul Mauser, ni irú èékánná yẹn ti wá, lára ìbọn tó ṣe fún àwọn ológun ní ọdún 1898. Iṣẹ́ ọkùnrin náà dáa débi pé ìjọba Amẹ́ríkà, tó ṣe ìbọn Springfield ní ọdún 1903, padà san owó fún ilé iṣẹ́ Mauser nítorí ohun tí wọ́n mú lára tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ àyà ìbọn onídàábùú tó wà lọ́jà lónìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ó rí ojú Mauser níbì kan lára rẹ̀.

Ní ọdún 1964, owó iṣẹ́ ti ga, Winchester wá tún Model 70 ṣe kó lè rọrùn láti ṣe. Wọ́n yọ èékánná kúrò. Ìdábùú tuntun kàn ń ti ọta síwájú ni, kò dì í mú títí yóò fi wọlé tán. Àwọn ọdẹ bínú! Títí di òní, ìbọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún yẹn ní orúkọ tirẹ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbà tó di bíi ọdún 1990 síwájú, ilé iṣẹ́ náà dá èékánná padà. Ní ọdún 2006, wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó wà ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é látilẹ̀. Orúkọ Winchester kò kú o. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Olin ló ni orúkọ náà, ó sì ń fi yá àwọn mìíràn. Àwọn ará Belgium tó ni ilé iṣẹ́ ìbọn FN ló wà lẹ́yìn Model 70 tí ẹ bá rà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ẹni tó ní "èmi, Winchester ni mo dì mú, bàbá mi lò ó", èwo ló dì mú? Ti ṣáájú 1964 ni, àbí ti ẹ̀yìn rẹ̀? Ti New Haven, àbí èyí tí àwọn ará Belgium ń ṣe? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti ìbọn, wọ́n ti ta ilé, orúkọ ló ṣẹ́ kù.

Remington náà kò yàtọ̀. Láti ọdún 1816 ni orúkọ yẹn ti wà. Ó wọ gbèsè dé kóòtù ní 2018, ó tún wọ ọ́ ní 2020. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, wọ́n tú u ká bí ogún bàbá olórogún: ẹnì kan ra ìbọn, ẹlòmíì ra ọta, Ruger, ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn, ra Marlin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ra ìbọn ti ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní ìlú Ilion ní 2024. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ gbe Remington, kó kọ́kọ́ sọ èyí tó ń gbè.

Síbẹ̀, ohun tí Ìdòwú rà jẹ mọ́ Remington, kò sì jẹ́ Remington. Ibí yìí ni ìyá rẹ̀ ti sọ pé kí n dúró kí òun pa iná abẹ́ ìkòkò.

Gbogbo wa la mọ ẹ̀rọ iná kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Tiger ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, TG950. Ṣùgbọ́n Tiger kọ́ ló ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Yamaha kan wà, ET950, òun ni wọ́n wò ṣe é. Lẹ́yìn Tiger, orúkọ bí ogún mìíràn tún dé, tí àwọ̀ kan pupa, tí àwọ̀ kan búlúù. Bí kábúrétọ̀ tiyín bá bàjẹ́ lálẹ́ ní Mararaba, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kì í bi yín pé orúkọ wo ló wà lára tanki. Ó máa mú kábúrétọ̀ láti inú àpò rẹ̀, yóò sì wọlé. Okùn tí a ń fà, púlọ́ọ̀gì, tanki, gbogbo rẹ̀ ló bára mu, torí ihò bóòtù wọn wà lójú kan náà. Èèyàn lè máa jà lórí orúkọ. Ihò bóòtù kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Remington Model 700 nìyẹn. Ó jáde ní ọdún 1962. Ilé àyà rẹ̀ rí roboto bíi páìpù, nítorí náà kò nira láti fi léètì ṣe é. Wọ́n tà á lọ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ológun rà á, ọlọ́pàá rà á, ọdẹ rà á. Nítorí pé ó pọ̀ níta, àwọn tó ń ṣe ìdí ìbọn ṣe tirẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, àwọn tó ń ṣe tírígà ṣe tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ṣe tirẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kan ní kí ló dé tí àwọn náà kò ní ṣe àyà tuntun, pẹ̀lú irin tó dára jù, iṣẹ́ tó mọ́ jù, ṣùgbọ́n tí ihò bóòtù rẹ̀, ibi tí tírígà ń so sí, àti bí abẹ́ rẹ̀ ṣe rí, máa bá ti 700 mu pátápátá. Ìrísí abẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní footprint. Ipasẹ̀ ni lédè wa, ó sì bá a mu. Ibi tí erin ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, Remington lè wọ gbèsè lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ipasẹ̀ 700 kò ní bá a lọ.

Kí ló wá dé tí irin kan náà fi di ẹgbẹ̀rún kan àti igba dọ́là, nígbà tí odindi ìbọn tuntun wà ní Texas tí kò tó ìdajì owó yẹn? Èyí ni ọ̀rọ̀ tọ́nà, ẹ fàyè gbà mí. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ síra wọn. Ojú ibi tí ọ̀pá ń jókòó lè wọ́ díẹ̀, etí méjì ìdábùú lè má fara kan ibi tí ó yẹ dọ́gba. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó bá gba irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé e sórí léètì, yóò tún ojú rẹ̀ gé kó lè tọ́, owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Àwọn àyà olówó gọbọi yìí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló gé wọn, ọ̀kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì ju ìwọ̀n tí ojú lè rí lọ. Ẹni tó ń ṣe ọ̀pá ní ìlú mìíràn lè gé ọ̀pá fún un láìfojú kàn án, kó fi ránṣẹ́, kó sì dé ibi tó yẹ kó dé. Ohun tí Ìdòwú sanwó fún nìyẹn: ìdánilójú ìwọ̀n. Nígbà tí mo wà ní Kakuri, èmi náà ìbá sanwó fún un.

Torí mo mọ ohun tí ìwọ̀n lè fojú èèyàn rí. Ọkùnrin kan láti Tudun Wada gbé ọ̀pá ẹ̀rọ ìlọta wá bá mi nígbà kan, ó ní kí n gé tírẹ́ẹ̀dì, ìlà tó ń yí po bí ti ara bóòtù, sí ẹnu rẹ̀, ìdajì íǹṣì. Mo gé e. Bóòtù ìdajì íǹṣì ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tírẹ́ẹ̀dì 12 ló wà nínú íǹṣì kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 13. Mo gé 12, nọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́ 13. Ó wọlé ní ìyípo kan, ó wọlé ní ìkejì, ó wá há gbagidi. Ọkùnrin náà ti fi sípánà fà á kó tó gbé e padà wá. Ìyàwó mẹ́ta ló ń dúró de ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ náà, tòun ti ata wọn nínú abọ́. Mo fi owó ara mi ra irin tuntun.

Ní ti ìbọn, ọ̀pá Remington 700 ń wọ àyà rẹ̀ pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì 16 nínú íǹṣì kan. Savage 110, ìbọn ilé iṣẹ́ mìíràn tó ti wà láti ọdún 1958, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Remington, ṣùgbọ́n tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ jẹ́ 20. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó kò ní mọ̀. Nínú ìbọn, kì í ṣe ata ìyàwó mẹ́ta ló máa dàálẹ̀.

Savage yẹn, ẹ jẹ́ kí n yìn ín díẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe fáàrí pẹ̀lú Remington máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kò lẹ́wà. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà níbi tí ọ̀pá ti wọ àyà rẹ̀, tó rí bíi nọ́ọ̀tì páìpù omi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì yẹn ni ọgbọ́n wà. Ohun tó ṣòro jù nínú títo ìbọn ni àlàfo tó máa wà láàárín ẹ̀yìn ọta àti ojú ìdábùú. Tó bá há jù, ìbọn kò ní tì. Tó bá fẹ̀ jù, ìkarahun idẹ lè ya, atẹ́gùn gbígbóná á sì máa wá ọ̀nà sẹ́yìn. Lára ìbọn mìíràn, léètì ló ń pinnu àlàfo yìí. Lára Savage, wọ́n á fi ọta irin ìdíwọ̀n sínú rẹ̀, wọ́n á yí ọ̀pá títí á fi kàn án, wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì dè é pa. Ó ti fi ọ̀pọ̀ owó léètì pamọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí mo bá jẹ́ Ìdòwú, tí owó mi ò tó, ibẹ̀ ni mo máa lọ, wọn ì báà fi mí rẹ́rìn-ín.

Nǹkan méjì ló kù tí ẹni tó ń ra àyà gbọ́dọ̀ mọ̀, wọn kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú orúkọ. Àkọ́kọ́ ni gígùn. Ọta .308 gùn ní íǹṣì 2.8. Ọta .30-06, tó ti wà láti 1906, gùn ju íǹṣì 3.3 lọ. Àyà kúkúrú kò lè gba ti gígùn. Ìkejì ni ojú ìdábùú, ibi tí ìdí ọta ń jókòó sí. Ìdí .308, ti .30-06, àti ti 6.5 Creedmoor tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sáré tẹ̀lé láti 2007, ọ̀kan náà ni wọ́n, nǹkan bíi mìlímítà 12 ní fífẹ̀. Ti ọta kékeré .223 kò tó 10. Torí náà kí èèyàn mú ọta kó tó mú àyà, bí a ti ń wọn ẹsẹ̀ ká tó ra bàtà. Àwọn ará Finland tó ń ṣe Tikka T3 gba ọ̀nà mìíràn lórí ti gígùn: àyà kan ni wọ́n ṣe fún gbogbo ọta, kékeré àti ńlá, wọ́n kàn ń yí àpótí ọta àti ibi tí ìdábùú ń dúró padà. Tikka dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ipasẹ̀ tirẹ̀ ló dá wà.

Mo ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òmùgọ̀ ni ẹni tó bá di orúkọ kan mú. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òpópó wa ní Kúbwà ló dá mi dúró. Ará Ìgbòho ni, ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló ní, ìwé rẹ̀ sì pé. Mo ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Ó wá ní kí n pa iná fóònù mi. Òkùnkùn ṣú. Ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀, ọwọ́ mi ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tì í kó má bàa dún, ẹ ń gbọ́?" Mo gbọ́ tí irin náà ta, tá. Ó tún ta á padà, tá. "Bí ẹ bá fún mi ní òmíràn lónìí, tí ibi ìtìpa rẹ̀ wà ní apá kejì, lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá nílò rẹ̀, àtàǹpàkò mi á lọ síbi ti tẹ́lẹ̀."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àtàǹpàkò ní ìrántí tirẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún lo irú ìbọn kan, kó má kàn pààrọ̀ rẹ̀ torí pé wọ́n ní òmíràn dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ohun tí bàbá yìí dì mú ni ibi tí ìtìpa wà. Mo bi í pé kí ni orúkọ ìbọn rẹ̀. Ó tan iná, ó wo ara irin náà títí. Orúkọ ti pa rẹ́ lára rẹ̀ tipẹ́, kò sì mọ ìgbà tó pa rẹ́.

Ìdòwú ní tirẹ̀ mú àyà tó ní ipasẹ̀ 700, kúkúrú, ojú ìdábùú rẹ̀ jẹ́ ti .308. Orúkọ tó wà lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí, èmi náà kò gbọ́ ọ rí kó tó rà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Winchester kò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ọ̀pá dé nínú páálí. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn, ó sì ya fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ọta irin ìdíwọ̀n méjì wà lórí tábìlì, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ló yẹ kó gbà, èkejì ló yẹ kó kọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ọkùnrin náà fi àkọ́kọ́ sínú, ó fi ìka kan ṣoṣo ti ọwọ́ ìdábùú, ó rọra bọ́ sílẹ̀, ó tì. Ó yọ ọ́, ó fi èkejì sí i. Ọwọ́ ìdábùú sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò lọ.

Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá gbé e lọ sí Nyanya fún àbúrò mi. Òun náà wò ó.

"Ìyẹn ni pé ó ti di ìbọn báyìí?"

"Kò tíì ní ìdí, kò tíì ní tírígà."

Ó dá fóònù mi padà fún mi. "Ẹ̀yin àti Ìdòwú, irin lẹ ṣì ń wò. Ẹ wá jẹun."